Àwọn Tí Ó Fi Ẹsẹ̀ Lásán Gbá Bọ́ọ̀lù Ní Ìlú Ọba

Ẹni tí ó bá gba Ìgèdè-Èkìtì kọjá nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀ kò ní ṣàì rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn kan wọ bàtà, àwọn mìíràn kò ní. Nígbà tí ẹni tí ó ní bá sì ń fi ẹni tí kò ní ṣe yẹ̀yẹ́, ó yẹ kí òbí ní ìtàn kan lẹ́nu tí yóò sọ fún àwọn méjèèjì. Ìtàn náà ni a mú wá lónìí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù August, ọdún 1949, ọkọ̀ ojú omi tí à ń pè ní Apapa gbéra ní Èkó. Àwọn agbábọ́ọ̀lù 18 tí a ṣà jọ ní orúkọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, Etim Henshaw sì ni olórí wọn. Ní ọjọ́ 29 wọ́n gúnlẹ̀ sí Liverpool. Ní ọjọ́ 31 wọ́n pàdé ẹgbẹ́ Marine ní Crosby, wọ́n sì borí pẹ̀lú góòlù 5 sí 2, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò wọ bàtà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi kọ́ eré náà láti kékeré, òun ni ó sì mọ́ wọn lára. Ní ọdún 1948 pàápàá, púpọ̀ nínú àwọn ará India gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní London, góòlù 2 sí 1 péré sì ni Faransé fi borí wọn.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi apá kejì pamọ́. Nínú ìfigagbága 9 tí àwọn ọmọ wa ṣe ní Ìlú Ọba, wọ́n borí nínú 2, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, a sì borí wọn nínú 5. Lórí ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí, bàtà tí ó ní kókó nísàlẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán a máa yọ̀.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀ wá sílé, wọ́n yà ní Freetown ní ọjọ́ 8 oṣù October, wọ́n sì fi góòlù 2 sí òdo borí Sierra Leone. Ìfigagbága yìí, tí ó wáyé lójú ọ̀nà ilé, ni a kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe.

Àwọn kan nínú wọn tún padà lọ. Titus Okere dara pọ̀ mọ́ Swindon Town. Teslim Balogun, tí a sọ ní Thunder, èyíinì ni Àrá, lọ sí Peterborough ní ọdún 1955, ó sì bọ́ sí Queens Park Rangers ní ọdún 1956. Ó kú ní ọdún 1972. Pápá ìṣeré ńlá kan ní Sùúrùlérè sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí agbára bá wà, ẹ ra bàtà fún ọmọ, nítorí ìṣó àti àfọ́kù ìgò kò mọ ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Bí agbára kò bá sì sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a lé e kúrò lórí pápá. Ẹ sì sọ fún ọmọ tí ó ní bàtà pé bàtà kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni í gbá a.