Kí ló dé tí plug fi ń gbóná, tí fíùsì ò sì já?

Ẹ gbé omi kaná nínú kẹ́tùlù oníná, omi hó tán, ẹ wá fẹ́ yọ plug lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ló bá gbóná débi pé ẹ sáré gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ wò ó dáadáa, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti ń dúdú. Ẹnì kan nínú ilé á ní àwọn NEPA ló gbé iná tó pọ̀ jù wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì o, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ NEPA mọ́ nínú eléyìí. Ìṣirò kékeré ló máa jẹ́ ká rí ohun tó fà á.

Nǹkan mẹ́ta la máa kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ronú nípa táńkì omi tó wà lókè ilé. Bí táńkì ṣe ga tó ló ń ti omi wálẹ̀. Fóltéèjì nìyẹn, fóòtì la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí omi tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó ni kọ́rẹ́ǹtì, ámpù la fi ń wọn ìyẹn. Páìpù tóóró máa ń dí omi lọ́wọ́. Ìdènà nìyẹn, óòmù la sì fi ń wọ̀n ọ́n. Orúkọ Georg Ohm, ará Jámánì tó gbé òfin yìí jáde nínú ìwé lọ́dún 1827, ni wọ́n fi pè é. (Nígbà tí iná bá ń ṣe bàìbàì, gbogbo wa la máa ń pariwo “low current”. Fóltéèjì gan-an ló lọ sílẹ̀.)

Ó yá, ká padà sídìí kẹ́tùlù. Ká ní iná tó wọlé jẹ́ 230 fóòtì, kẹ́tùlù sì ń fa ámpù 10. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdènà rẹ̀, ẹ fi kọ́rẹ́ǹtì pín fóltéèjì: 230 ÷ 10 = 23. Óòmù 23 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ agbára tó ń lò, ẹ fi ọ̀kan lọ́po èkejì: 230 × 10 = 2,300. Wáàtì 2,300 nìyẹn. Tó bá fi wákàtí kan gbáko ṣiṣẹ́, yúníìtì 2.3 ló máa jẹ lórí mítà, torí pé wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni yúníìtì kan. Ẹni tí kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn kọ́rẹ́ǹtì náà rí ọ̀nà gbà: wáàtì tí wọ́n kọ sí ìdí kẹ́tùlù, ẹ fi fóltéèjì pín in, kọ́rẹ́ǹtì ló máa jáde. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 máa fa ámpù mẹ́rin ó lé díẹ̀.

Ní àdúgbò tí iná kì í ti í tó, ká ní 160 fóòtì péré ló wọlé. Ìdènà kẹ́tùlù ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, 23 náà ni. 160 ÷ 23 jẹ́ bí ámpù 7. 160 × 7 jẹ́ wáàtì 1,120. Fóltéèjì ò tíì dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta, agbára kẹ́tùlù ti dín ju ìlàjì lọ! Ìdí tí omi ò fi tètè hó nìyẹn. Kò sì túmọ̀ sí pé owó yín ò ní lọ o, torí pé kẹ́tùlù náà máa pẹ́ lórí iná.

Plug wá ńkọ́? Ibi tí wáyà bá ti dẹ̀ nínú plug, tàbí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ò ti di ẹsẹ̀ plug mú dáadáa mọ́, tàbí tí wọ́n ti lọ́ wáyà méjì pọ̀ tí wọ́n fi téèpù wé e, ìdènà tuntun ti wà níbẹ̀. Ká ní kò ju ìlàjì óòmù lọ. Tí ámpù 10 bá ń gbabẹ̀ kọjá, fóltéèjì tó máa jẹ níbẹ̀ jẹ́ 10 × 0.5, ìyẹn 5. Agbára tó ń di ooru níbẹ̀ jẹ́ 5 × 10, ìyẹn wáàtì 50. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan. Àmọ́ áyọ́ọ̀nù kékeré tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, wáàtì 40 tàbí 60 ni púpọ̀ nínú wọn. Irú rẹ̀ gan-an lẹ tàn sínú plug yẹn, tó sì wà nítòsí kọ́tìnì.

Fíùsì ámpù 13 tó wà nínú plug ò ní já o. Ámpù 10 ló ń kọjá, kò sí ohun tó kàn án. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “fíùsì wà níbẹ̀, kò séwu” ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Tó bá jẹ́ ámpù 5 ló ń gba ojú ibi tó dẹ̀ yẹn, wáàtì 12.5 péré ni ooru rẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé gílóòbù àti fáànù lè wà lórí extension kan fún ọdún pípẹ́ láìsí wàhálà, àmọ́ lọ́jọ́ tí kẹ́tùlù bá débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Ámpù 13 tí wọ́n kọ sára extension náà, gbogbo ojú rẹ̀ lápapọ̀ ló ni ín, kì í ṣe ojú kọ̀ọ̀kan. Kẹ́tùlù ámpù 10, áyọ́ọ̀nù ámpù mẹ́rin ó lé: ó ti kọjá. Ìṣirò ìdènà tá a ṣe yìí bá ohun tó ń mú nǹkan gbóná mu dáadáa. Fíríìjì àti áákọ́n ní mọ́tò nínú, kọ́rẹ́ǹtì tí wọ́n ń fà nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra sì máa ń ju èyí tó wà lára wọn lọ fíìfíì.

Tí plug yín bá ń gbóná, ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wo ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ti dúdú, ẹ má ní kó tún un ṣe, kó pààrọ̀ rẹ̀ ni. Kó pààrọ̀ plug náà pẹ̀lú, torí ẹsẹ̀ plug tó ti jó máa tún ba sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun jẹ́.