Ọ̀dá Nìkan Kọ́ Ló Ń Fa Ìyàn

Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ohun tí gbogbo wa máa ń wí ni pé àmúwá Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dá yàtọ̀ sí ìyàn. Ọ̀dá ni kí òjò má rọ̀. Ìyàn ni kí ènìyàn má rí jẹ. Ti àkọ́kọ́ ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa ọmọ ènìyàn wà nínú èkejì.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, aládùúgbò wa níhà àríwá, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ jù. Ní 2004, òjò tètè dá níbẹ̀, eṣú sì bo oko. Nígbà tí ó fi di àárín 2005, àwọn ọmọdé ti ń kú. Ìyanu ibẹ̀ ni pé ẹkùn Maradi, tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti òwò ọkà, wà lára ibi tí ó burú jù lọ. Jéró tí wọ́n fi ń ṣe fùrá kò tán lọ́jà. Owó rẹ̀ ni apá tálákà kò ká.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Àgbẹ̀ tí ó jẹ gbèsè a ta ọkà rẹ̀ ní kété tí ó bá kórè, nígbà tí ó pọ̀ nílẹ̀. Bí àká bá gbẹ, a tún padà lọ rà á ní ọ̀wọ́n. Ti darandaran tún burú jù: màlúù rẹ̀ ti rù, owó rẹ̀ já wálẹ̀, owó ọkà sì ń gòkè. Ìjọba ta ọkà ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀dínwó yóò ṣe fún ẹni tí kò ní kọ́bọ̀? Oṣù kẹjọ ti dé kí oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí à ń pè ní Médecins Sans Frontières nìkan tọ́jú ju 60,000 ọmọ tí ebi ti sọ di egungun lọ́dún náà.

Ànábì Yúsúfù kò dúró kí ìyàn tó wọ̀lú kí ó tó wá àká. Ọdún méje ọ̀pọ̀ ni ó fi tọ́jú ọkà sínú ṣírí rẹ̀ de ọdún méje ọ̀gbẹlẹ̀. Ìsìlámù sì ka kíkó oúnjẹ pamọ́ nítorí kí ó lè wọ́n sí èèwọ̀. Ọjọ́ ìkórè ni a ní kí sàká oko jáde, ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí òjò bomi rin, kì í ṣe ọjọ́ tí òkú bá sùn.

Àwọn abúlé kan ní Nìjẹ̀r ti gbọ́n sí i. Wọ́n ní àká àjọni, àwọn obìnrin ni ó sì ń bójú tó ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọn a ra ọkà nígbà tí ó pọ̀, wọn a sì yá ara wọn tàbí kí wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú nígbà tí ebi bá dé.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé òjò tètè dá níbì kan, ìgbà náà gan-an ni kí ọlọ́rẹ ṣe ọrẹ, kí oníṣòwò ọkà sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ má jẹ́ kí á dúró de àwòrán ọmọ tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Kí Ọlọ́run rọ òjò ìbùkún fún wọn, kí ó sì la ọwọ́ àwa tí a ní. Àmín.