Ìgbà mẹ́sàn-án ni wọ́n bi í léèrè, wọn ò mú un: Bí ìmọ̀ ṣe ń sọnù mọ́ ọlọ́pàá àti ilé iṣẹ́ lọ́wọ́

Láàárín ọdún 1975 sí 1980, ọkùnrin kan pa obìnrin mẹ́tàlá ní àríwá ilẹ̀ England. Ìgbà mẹ́sàn-án ni àwọn ọlọ́pàá fọ̀rọ̀ wá ọkùnrin yìí lẹ́nu wò kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ìgbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n sì fi í sílẹ̀ pé kó máa lọ.

Kì í ṣe pé ọlọ́pàá gba rìbá. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ń sùn. Ohun tó lè tú àṣírí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, lórí bébà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ. Ohun tí wọn ò ní ni ọ̀nà tí wọ́n fi lè kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, Peter Sutcliffe, tí àwọn oníwèé ìròyìn sọ ní Yorkshire Ripper, wà lára àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù nípa ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìṣàkóso ìmọ̀. Orúkọ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá inú ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn wà nínú ẹ̀.

Kí ni ìṣàkóso ìmọ̀?

Ní kúkúrú, ó jẹ́ ètò tí ilé iṣẹ́ kan ń ṣe kí ohun tí ẹnì kan mọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tó nílò rẹ̀, lásìkò tó nílò rẹ̀.

Oríṣi ìmọ̀ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ṣeé kọ sílẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, òfin, iye owó. Èkejì ni èyí tó wà lọ́wọ́ àti lójú ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi ìyá tó ti ń din àkàrà láti ogún ọdún pé báwo ni epo ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kí èèyàn tó da ẹ̀wà sí i. Ó lè ní kí ẹ ṣáà máa wò ó. Kì í ṣe pé ó ń fi pamọ́ fún yín. Ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ Matsushita ní ilẹ̀ Japan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún 1985. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí èèyàn á fi máa ṣe búrẹ́dì nílé, àmọ́ ẹ̀yìn búrẹ́dì náà á jó, inú rẹ̀ ò ní jinná. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wò ó títí, ojútùú ò yọ. Obìnrin kan lára òṣìṣẹ́ wọn, Ikuko Tanaka, ló lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn aṣebúrẹ́dì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Osaka. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ọ̀gá náà ní bó ṣe máa ń na ìyẹ̀fun tó ti pò, ohun tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò kọ sínú ìwé kankan. Tanaka padà sílé iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan kún inú ẹ̀rọ náà kó lè máa na ìyẹ̀fun bíi ti ọ̀gá, búrẹ́dì bá dára. Ikujiro Nonaka àti Hirotaka Takeuchi wá ṣàlàyé irú nǹkan báyìí nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1995, ìwé náà sì sọ ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ìmọ̀ di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń gbé yẹ̀ wò.

Bí ìmọ̀ bá sọnù níbi búrẹ́dì, owó ló ṣòfò. Bó bá sọnù ní téṣàn ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Yorkshire?

Ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá West Yorkshire ló ń darí ìwádìí náà láti àgọ́ Millgarth ní ìlú Leeds. Káàdì ni wọ́n ń lò nígbà yẹn. Wọ́n á kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bi léèrè, nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n rí, àti ọ̀rọ̀ tí aráàlú wá sọ, wọ́n á sì tò ó sínú àpótí. Bí òkú ṣe ń pọ̀ sí i ni káàdì ń pọ̀ sí i, títí tí iṣẹ́ fi wọ àwọn tó ń tò ó lọ́rùn. Ìwé tó yẹ kó wọ àpótí lónìí á ṣì wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn nípa Sutcliffe. Ní oṣù kẹwàá 1977, apànìyàn náà pa obìnrin kan ní Manchester. Wọ́n bá owó bébà pọ́n-ùn márùn-ún tuntun nínú báàgì obìnrin náà. Ọlọ́pàá tọpa owó náà dé àwọn ilé iṣẹ́ tó gba irú rẹ̀ láti san owó oṣù lágbègbè Bradford. Sutcliffe, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan lára wọn. Wọ́n bi í léèrè, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́tọ̀, àwọn ọlọ́pàá míì ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó bá ń rìn gbéregbère lóru ní àwọn àdúgbò tí apànìyàn náà ti ń ṣọṣẹ́. Ọkọ̀ Sutcliffe jáde nínú rẹ̀ léraléra. Wọ́n bi í léèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́tọ̀ tún ni àwọn obìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ apànìyàn náà ti júwe ojú rẹ̀, tí wọ́n sì ya àwòrán tó jọ ọ́.

Ní 1979, ọlọ́pàá méjì lọ bá a nílé. Ara wọn ò balẹ̀ rárá nígbà tí wọ́n jáde. Ọ̀kan nínú wọn kọ ìwé fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ọkùnrin yìí jọ àwòrán, ó sì yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò dáadáa. Wọ́n fi ìwé náà sínú fáìlì, ó parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, Sutcliffe pa obìnrin mẹ́ta sí i.

Ohun míì tó ba iṣẹ́ jẹ́ ni irọ́ tí wọ́n gbé gẹṣin. Ẹnì kan kọ lẹ́tà, ó tún fi téèpù ránṣẹ́ ní 1979, ó ní òun ni apànìyàn náà. Ohùn rẹ̀ dún bíi ti ará Sunderland. Àwọn ọ̀gá gbà á gbọ́, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí kò bá sọ̀rọ̀ bíi ti ará ibẹ̀ kúrò nìyẹn. Ará Bradford ni Sutcliffe. Ọdún 2006 ni ilé ẹjọ́ tó sọ onírọ́ náà, John Humble, sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ, nígbà tí àyẹ̀wò DNA tú u fó.

Ta ló wá mú un? Kì í ṣe yàrá Millgarth. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1981, ọlọ́pàá méjì ní ìlú Sheffield, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá míì, dá ọkọ̀ kan dúró, wọ́n sì rí i pé ayédèrú ni nọ́ńbà rẹ̀. Ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kóun tọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọ̀kan lára àwọn ọlọ́pàá náà gbọ́ pé wọ́n ṣì ń da ìbéèrè bo ọkùnrin yìí, ó rántí ibi tó ti lọ tọ̀, ó sì padà síbẹ̀. Òòlù àti ọ̀bẹ ló bá nílẹ̀.

Lawrence Byford, tó ṣèwádìí lé ìwádìí náà lórí fún ìjọba, sọ nínú àbọ̀ rẹ̀ ní 1981 pé ètò káàdì náà ti dojú rú, kò sì jẹ́ kí àwọn ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Sutcliffe pàdé ara wọn. Ohun tó tẹ̀lé e ni ètò kọ̀ǹpútà HOLMES, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980, kí gbogbo ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá lè máa to ìwádìí ńlá lọ́nà kan náà.

Ṣé kọ̀ǹpútà ti wá parí ọ̀rọ̀?

Rárá. Ní oṣù kẹjọ 2002, wọ́n pa ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ní ìlú Soham ní Cambridgeshire. Ian Huntley, tó ń tọ́jú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan nílùú náà, ló pa wọ́n, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ní oṣù kejìlá 2003.

Lẹ́yìn ìdájọ́ ni aráàlú wá gbọ́ pé orúkọ ọkùnrin yìí ti dé etí ọlọ́pàá Humberside léraléra láàárín 1995 sí 1999, lórí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ àti bíbá ọmọdébìnrin lò pọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí èyí tí ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lé lórí, wọn ò sì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ gbà á síṣẹ́, àyẹ̀wò ọlọ́pàá ò mú nǹkan kan jáde. Ó tún ní orúkọ ìdílé méjì, Huntley àti Nixon, ìyẹn náà dá kún ìdàrúdàpọ̀.

Michael Bichard ló darí ìwádìí lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà 2004 pẹ̀lú àbá mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lára ohun tó so èso nínú rẹ̀ ni ìkójọ ìsọfúnni ọlọ́pàá fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011.

Àmọ́ o, kíkó gbogbo nǹkan pamọ́ náà léwu. Ẹ̀sùn kì í ṣe ìdájọ́, ọ̀tá sì lè parọ́ mọ́ni. Ní 2008, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù dájọ́ pé kò tọ́ kí ọlọ́pàá Britain máa tọ́jú DNA àti ìtẹ̀ka ẹni tí wọn ò dá lẹ́bi títí ayé. Ètò tó dára gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n á tọ́jú, iye ìgbà tó máa wà níbẹ̀, ẹni tó lè wò ó, àti bí aráàlú ṣe lè ní kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe.

Nílẹ̀ wa ńkọ́?

Ẹni tó bá ti ní ẹjọ́ ní téṣàn rí á mọ gbólóhùn yìí: “IPO tó mọ̀ nípa ẹjọ́ yín ti gba tiransífáà.” Bí ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí bá ti lọ sí ìpínlẹ̀ míì, ohun tó wà lórí rẹ̀ bá a lọ. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ á tún ní kí olùpẹ̀jọ́ wá rojọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní kóòtù, ìgbẹ́jọ́ á máa sún síwájú nítorí ẹlẹ́rìí pàtàkì wà níbi tó jìn. Ẹni tó wà látìmọ́lé ń dúró, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà ń dúró.

Òfin ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ACJA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, pàṣẹ ní abala 16 pé kí ọlọ́pàá ní ibi ìkójọ àkọsílẹ̀ ọ̀daràn kan fún gbogbo Nàìjíríà, kí ẹ̀ka ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀ tí á máa fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó tún ní kí ìdájọ́ kóòtù dé ibẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Abala 15 sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ nípa ẹni tí wọ́n bá mú. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe irú òfin ìgbẹ́jọ́ tirẹ̀ láti 2007.

Àmọ́ bébà ṣì ni ọ̀pọ̀ téṣàn gbára lé. Nígbà rògbòdìyàn oṣù kẹwàá 2020, wọ́n dáná sun téṣàn lóríṣiríṣi ní Èkó àti níbòmíì. Fáìlì tí kò bá ní ẹ̀dà níbòmíì bá ilé jóná ni. Ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ wà nínú ẹ̀.

Kí ni ilé iṣẹ́ lè ṣe, yálà ọlọ́pàá ni tàbí kì í ṣe ọlọ́pàá?

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló gba owó ńlá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣeé bẹ̀rẹ̀ lọ́la:

Ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ bá ẹni tó ń bọ̀ jókòó. Kó má kàn jẹ́ kọ́kọ́rọ́ àti fáìlì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ara wọn. Kí ẹni tó ń lọ sọ ohun tí kò sí nínú ìwé: ẹlẹ́rìí tó ń bẹ̀rù, afurasí tó ní orúkọ méjì, ibi tí òun fura sí tí òun ò tíì débẹ̀.

Orúkọ kan, fáìlì kan. Bí orúkọ ẹnì kan bá wà níbi mẹ́ta, kí ọ̀nà wà láti mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Sùnmọ́nù tí ẹnì kan kọ ní Sunmonu tí ẹlòmíì kọ ní Sumonu lè di èèyàn méjì lójú akọ̀wé.

Kí ẹ̀dà wà níbòmíì. Iná, òjò àti ikán ò mọ fáìlì pàtàkì.

Kí àgbà iṣẹ́ ní ọmọ iṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìmọ̀ ọgbọ̀n ọdún ò ṣeé gbé kalẹ̀ níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì. Babaláwo, alágbẹ̀dẹ àti aláró mọ èyí tipẹ́: ọmọ iṣẹ́ ń bá ọ̀gá gbé, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Kí ọ̀gá máa tẹ́tí sí ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi sínú fáìlì ní 1979 yẹn, ọlọ́pàá kékeré ló kọ ọ́. Ó rí òótọ́, ó sì sọ ọ́, àwọn tó wà lókè ti gba téèpù onírọ́ gbọ́. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè wo àrùn yẹn sàn. Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Fún aráàlú, ìmọ̀ràn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá lọ fi ẹjọ́ sùn ní téṣàn, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ àti nọ́ńbà ẹjọ́ náà síbì kan nílé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé tí ẹ bá fún wọn. Bí wọ́n bá gbé IPO lọ síbòmíì, ẹni tuntun á ti rí ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀.