Ìkànnì Debian: Báwo ni iṣẹ́ tí kò lówó oṣù ṣe ń lọ?

Lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn tó ṣí debian.org bá ojú ìwé àkọ́kọ́ tuntun pàdé. Ó dùn-ún wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì rọrùn fún àlejò láti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹta ọdún 2019, nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú ìkànnì náà péjọ sí Madrid lórílẹ̀-èdè Spéènì, ni iṣẹ́ ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ wọn. Kí ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Kí ni Debian?

Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni, bíi Windows. Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 1993. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ kóòdù rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó pín in fún ẹlòmíràn. Orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Ubuntu lé, èyí tó jáde lọ́dún 2004. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ni Debian. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ló ń ṣe é.

Iṣẹ́ wo ló wà lórí ìkànnì náà?

Ohun tó ti gbó ló kọ́kọ́ ń yọni lẹ́nu. Ẹni tó kọ ìtọ́nisọ́nà kan lọ́jọ́ tó ti pẹ́ lè ti bá tirẹ̀ lọ, kí ohun tó kọ sì máa ṣi àlejò lọ́nà. Nítorí náà, yíyọ irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò tàbí títún un kọ gba àkókò bíi kíkọ́ ojú ìwé tuntun.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn a sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, Jámánì, Pọtogí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì tó ń sọ ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ lé. Bí ti Gẹ̀ẹ́sì bá yí padà, àmì yìí ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ ìtumọ̀ tó ti di ẹrù àná. Ẹni tó bá tún gbólóhùn kan ṣe ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ará ilẹ̀ mìíràn nìyẹn.

Ta ló ń pàṣẹ?

Òfin tí Debian fọwọ́ sí lọ́dún 1998 sọ ọ́ kedere pé kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni láti ṣiṣẹ́, kódà iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n níbí, oníkálukú ló ń fínnú fíndọ̀ mú ọwọ́ tirẹ̀ wá. Èrò lásán kò lè yí ìkànnì padà, àfi kí ẹnìkan jókòó ti iṣẹ́ náà.

Kò dìgbà tí o bá mọ kóòdù kọ kí o tó lọ́wọ́ sí i. Ka ojú ìwé kan dáadáa, kí o sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ìkànnì náà ibi tó ti kùnà, tàbí kí o túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni ìyẹn náà.