Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kọ Ẹ̀pà: Ètò Oúnjẹ Àti Ìpamọ́ Rẹ̀ Nínú Ilé

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Súrùlérè pé ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún mẹ́rin, jẹ súyà díẹ̀ níbi ìkómọjáde kan. Kò pẹ́ kò jìnnà, ètè ọmọ wú, ara rẹ̀ sú jákèjádò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àwọn kan ní májèlé ni, wọ́n ń wá epo pupa tí wọn yóò rọ sí i lẹ́nu. Dókítà ni ó wá ṣàlàyé fún un pé ẹ̀pà ni ara ọmọ náà kọ̀. Ìbéèrè ìyá yìí ni pé: “Mo ti ra oúnjẹ oṣù mẹ́ta sílé. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù ni?”

Rárá o, ìyá. Owó kì í ṣe omi.

Ohun tí ó ṣe ọmọ yín kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé, èèwọ̀ ara ni. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń bá àrùn jà. Nínú ara àwọn ènìyàn kan, wọn a máa ṣi ẹ̀pà mú fún ọ̀tá. Clemens von Pirquet, oníṣègùn ará Austria, ni ó fún irú ìṣesí ara báyìí ní orúkọ ní ọdún 1906, òun ni a ń pè ní álẹ́jì. Fún àwọn kan, èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ṣíbí lásán ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Yíyan kò pa á, sísè kò pa á, yìnyín inú firíìjì kò sì pa á.

Ẹ wo súyà ná. Ta ni yóò rò pé ẹ̀pà wà nínú ẹran? Bẹ́ẹ̀ ni kúlíkúlí lílọ̀ wà nínú yájì tí alásúyà fi ń pa á lára, ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀ ni kúlíkúlí sì jẹ́. Báyìí ni ó ṣe ń fara pamọ́ sínú yàrá oúnjẹ wa pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ rà síta, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣu, ẹyin, àti àpò ìrẹsì tí ẹ kò tíì tú kò ní ẹjọ́. Gàrí tí ẹ ti ṣí ni kí ẹ fura sí, nítorí àwọn ọmọdé a máa fi ẹ̀pà mu gàrí, ọwọ́ tí ó sì ti inú ike ẹ̀pà bọ́ sínú garawa gàrí ti bà á jẹ́ fún ọmọ yìí. Kí àwọn àgbà mu ún tán. Ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ata gígún tí ẹ rà lọ́jà ńkọ́? Ẹ̀rọ tí ó lọ̀ wọ́n lè ti lọ ẹ̀pà ẹlòmíràn ṣáájú. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa ra ẹ̀gúsí ní hóró, kí ẹ máa lọ̀ ọ́ nílé lórí ọlọ tí kò mọ ẹ̀pà rí. Hóró a sì máa pẹ́ nílẹ̀ ju lílọ̀ lọ.

Òróró inú ìgò tí kò ní orúkọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Òróró tí àwọn oníkúlíkúlí fún kì í ṣe aláìní ẹ̀pà nínú. Èyí tí a dí lẹ́nu, tí a kọ ohun tí a fi ṣe é sí lára, ni kí ẹ rà.

Ẹ jẹ́ kí oúnjẹ ọmọ náà wà nínú ike tirẹ̀ tí ó ní ìdérí, pẹ̀lú ife ìwọ̀n tirẹ̀ nínú rẹ̀. Pẹpẹ òkè ni kí ẹ gbé e sí, nítorí ìsàlẹ̀ ni èérún ń já bọ́ sí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rà á sí i lára, kí ẹ sì so òwú pupa mọ́ ọn fún ìyá àgbà tí kò mọ̀wé.

Ẹ má tìtorí pé ẹbí kan náà ni ẹ̀wà àti ẹ̀pà kí ẹ gba ẹ̀wà lẹ́nu ọmọ tí ó ti ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà ni ń jẹ ẹ̀wà. Ẹ sá a kí ó gbẹ, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò kò ní rí atẹ́gùn mí. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i.

Èmi kò fara mọ́ ìkòkò méjì lójoojúmọ́. Ọbẹ̀ kan tí kò ní ẹ̀pà ni kí gbogbo ilé jẹ. Ẹni tí ẹ̀pà bá ń wù, kí ó jẹ ẹ́ níta, kí ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ẹnu kí ó tó wọlé.

Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, tí mímí ṣòro fún un, tí ohùn rẹ̀ há, tàbí tí ó ń rẹ̀ ẹ́ lọ, epo pupa kò ṣe nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ adrenaline ní itan ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ rìn. Ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kí abẹ́rẹ́ náà wà nílé.

Ẹ tún béèrè nípa àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́fà. Tẹ́lẹ̀, ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì ń fún irú ìdílé yín ni pé kí a fi ẹ̀pà pamọ́ fún ọmọ. Ní ọdún 2015, ìwádìí kan láti Lọ́ńdọ̀nù, lórí ọmọ ọwọ́ tí ó ju 600 lọ, fi hàn pé èèwọ̀ ẹ̀pà kéré púpọ̀ lára àwọn tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ ju àwọn tí a fi pamọ́ fún lọ. Ẹ gbé ọmọ náà lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Bí ó bá gbà, èyí tí a lọ̀ kúnná, tí a pò mọ́ ògì, ni kí ó jẹ́. Hóró ẹ̀pà lódidi lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun.