Omi tí ń bẹ nínú eyín àti egungun

Bí a bá wo eyín erin tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ gbẹ́ láyé àtijọ́, èyí tí díẹ̀ nínú rẹ̀ wà ní British Museum ní London, ohun gbígbẹ ni a rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu erin. Ihò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ni ó kún inú rẹ̀, omi sì wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín tiwa.

Abẹ́ èèpo líle tí ó bo eyín ni àwọn ihò náà wà, wọ́n sì já sí ẹran rírọ̀ tí iṣan ìmọ̀lára wà. Bí èèpo bá ti jẹ, omi tútù tí a mu yóò mú kí omi inú ihò yára sún síta, iṣan a sì mọ̀ ọ́n lára. Martin Brännström, ará Sweden, ni ó ṣàlàyé èyí ní àwọn ọdún 1960. Eyín kíkan tí wòlíì Jeremáyà mẹ́nu bà kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni kòkòrò àìsàn ń gbà wọlé, títí dé egungun àgbọ̀n. Ẹni tí eyín ń kan, yálà ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ọsẹ, kí ó má dúró di ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú.

Egungun pẹ̀lú ní ọ̀nà omi tirẹ̀. Bí a bá ń rìn, ìwúwo ara ń tẹ̀ ẹ́, omi a sì máa gbé oúnjẹ lọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí egungun ẹni tí ó pẹ́ lórí ibùsùn àìsàn fi ń fẹ́lẹ́. Ẹ̀yin tí ń bẹ aláìsàn wò, bí dókítà bá gbà, ẹ dì í lọ́wọ́ mú kí ó rìn díẹ̀.