Magic: Eré káàdì tí wọ́n ti ń ta láti ilé kí wọ́n tó jókòó

Bí ọmọ Òkìtìpupa bá jókòó sídìí Whot, kò sí ẹni tó máa bi í pé káàdì ta ló mú wá. Ìdì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń fà, ọjà kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dára, orí rẹ̀ ló ṣe é.

Oríṣi eré káàdì mìíràn wà tí oníkálukú ń di ẹrù tirẹ̀ wá láti ilé. Èyí tó ṣáájú wọn ni Magic: The Gathering, tí Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ṣe, tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast sì gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Káàdì Pokémon tẹ̀lé e ní Japan ní 1996, ti Yu-Gi-Oh! sì dé ní 1999. Nínú irú eré báyìí, ìdajì iṣẹ́ ti parí kí ẹnikẹ́ni tó fa káàdì àkọ́kọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á?

Ẹni méjì ló sábà máa ń kojú ara wọn bí oṣó méjì, ẹ̀mí 20 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló pàdánù. Àwọn káàdì kan jẹ́ ilẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń mú agbára jáde. Agbára yẹn ni èèyàn fi ń pe àwọn ẹ̀dá tó máa bá a jà, tàbí tó fi ń pe ọfọ̀ lé ọ̀tá lórí. Ilẹ̀ kan péré ni òfin gbà kí èèyàn tẹ́ nígbà tó bá kàn án.

Àwọ̀ márùn-ún ni agbára náà ní: funfun, búlúù, dúdú, pupa àti àwọ̀ ewé. Búlúù ni ti omi àti ọgbọ́n, pupa ni ti iná àti ìbínú. Ìdì káàdì kò gbọ́dọ̀ dín ní 60, ẹ̀dà káàdì kan kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ, àfi ilẹ̀ lásán. Méje ni wọ́n ń mú lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa fa ọ̀kan kún un bó bá ti ń kàn wọ́n.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń di káàdì ẹ̀yà kan ṣoṣo?

Ẹni tó bá kó káàdì tó lágbára láti ibi gbogbo máa ń rí i pé wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń mú àkòrí kan, tí gbogbo káàdì á sì máa sìn ín. Ẹ jẹ́ ká mú Merfolk, àwọn ẹ̀dá inú omi, ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí Òkìtìpupa wà, tí wọ́n ti ń ṣọdún Malòkun ní Òde-Ìrèlè, tó sì bá Ìlàjẹ elétí òkun pààlà, kò ní béèrè ohun tí ẹ̀dá inú omi ń wá nínú eré.

Merfolk kékeré kan lè má ní ju agbára ìjà 1 lọ. Bí mẹ́rin irú rẹ̀ bá kọlu ọ̀tá, ẹ̀mí 4 ni wọ́n á gbà nínú 20, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n á kọlù ú kó tó ṣubú. Ṣùgbọ́n olórí kan wà tó ń jẹ́ Lord of Atlantis, tó ti wà láti 1993. Agbára ìjà 2 ni tirẹ̀, ó sì ń fi 1 kún agbára ìjà gbogbo Merfolk yòókù. Bí olórí méjì bá dúró ti àwọn mẹ́rin yẹn, kékeré kọ̀ọ̀kan di 3, àwọn olórí náà ń gbé ara wọn dé 3. Àpapọ̀ wọn di 18. Ohun tó ń gba ẹ̀ẹ̀marùn-ún ti di ẹ̀ẹ̀mejì.

Àkòrí ní ìnira tirẹ̀. Bí ọ̀tá bá pa àwọn olórí, ẹja wẹ́wẹ́ ló kù lórí tábìlì. Ìdẹwò tún wà níbẹ̀: káàdì tí àwòrán rẹ̀ bá àkòrí mu, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a mu, àlejò tó kàn wá jẹun ni.

Ìṣirò Whot ló wà nínú rẹ̀

Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ló ṣe Whot ní 1935. Káàdì 54 ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún jẹ́ 20. Bí wọ́n bá pín márùn-ún fún yín, nǹkan bí ìgbà 40 nínú 100 ni ẹ máa bá ó kéré tán 20 kan lọ́wọ́. Ẹ wá wo Magic: ẹ̀dà mẹ́rin nínú 60, méje lọ́wọ́. Iye tó jáde níbẹ̀ náà ni nǹkan bí 40 nínú 100. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo lẹ fi sí i, kò ní tó 12. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi mẹ́rin-mẹ́rin sí káàdì tí àkòrí gbára lé.

Ilẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Bí ilẹ̀ bá pọ̀ jù, púpurú ti kún àwo tí kò sí ọbẹ̀. Bó bá kéré jù, ọbẹ̀ dára ṣùgbọ́n kò sí òkèlè. Ọ̀pọ̀ ìdì ń lo ilẹ̀ 24 nínú 60, èyí tó máa ń mú bíi mẹ́ta wá nínú méje àkọ́kọ́. Merfolk tí agbára díẹ̀ tó láti pè lè lo nǹkan bí 20.

Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀

Ìpinnu àkọ́kọ́ ni bóyá kí ẹ mú ọwọ́ tí ẹ fà. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, òfin tó wà láti 2019 ni pé ẹ ó tún fa méje, ẹ ó sì fi ọ̀kan sábẹ́ ìdì. Ọwọ́ tí kò ní ilẹ̀, ẹ má ṣe ṣojú àánú sí i.

Ìkejì ni sùúrù. Káàdì kan wà, Wrath of God, tó ń fi agbára ilẹ̀ 4 pa gbogbo ẹ̀dá tó wà lórí tábìlì. Ẹni tó ti sọ gbogbo ẹ̀dá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ti di aláìní lójijì. Ẹni tó fi olórí kan pamọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi pamọ́ jù ń fún ọ̀tá láyè. Ta ni kò tíì fi 20 pamọ́ nínú Whot títí ẹlòmíràn fi pariwo “check up”, tí wọ́n sì ka 20 náà sí i lọ́rùn?

Ṣé ó ṣeé bẹ̀rẹ̀ láti Òkìtìpupa?

Dọ́là ni wọ́n fi ń ra káàdì náà lókè òkun, ṣùgbọ́n Magic: The Gathering Arena ti wà lórí kọ̀ǹpútà láti 2019 àti lórí fóònù láti 2021, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé rẹ̀. Ẹlòmíràn ń kọ orúkọ àti iṣẹ́ káàdì sórí bébà láti fi kọ́ra nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí kì í gba irú rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ gbé Whot tó wà nílé jáde. Ẹ pò ó, ẹ pín márùn-ún fún ara yín, ẹ wò ó bóyá 20 wà níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọgbọ̀n. Bí ẹ bá rí i ní nǹkan bí ìgbà méjìlá, ẹ má pè é ní oríire mọ́.